Owó ìrànwọ́ ìjọba fún iṣẹ́ kéékèèké: kí ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde?

Alábòójútó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lójoojúmọ́: owó ìrànwọ́ ìjọba fún oníṣẹ́ kéékèèké, níbo ló wà, ta ló tọ́ sí, kí ni wọ́n ń béèrè? Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn má baà máa wá a káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ má lẹ lìǹkì WhatsApp mọ́ ọn, ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) tàbí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè) rẹ̀ síbí.

Ìyá Onígàrí, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ọ̀gá alábòójútó. Gàrí àti fùfú ni iṣẹ́ tèmi, èèyàn mẹ́rin ló ń bá mi ṣe é. Orúkọ òwò wà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, láti 2019, àmọ́ orúkọ èmi fúnra mi ló wà lórí àkáǹtì tí mò ń lò. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí a fi ń fún un ni mo fẹ́ rà. Èwo nínú àwọn owó yìí ló bá mi mu, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Akápò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà, nítorí ìjọba kì í fi ojú kan náà wo gbogbo oníṣòwò. Iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń pín wa. Èèyàn 1 sí 2, nano ni wọ́n ń pè é. 3 sí 9, micro. 10 sí 49, small. 50 sí 199, medium. Ẹ̀yin àti àwọn mẹ́rin jẹ́ márùn-ún, micro ni yín, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fọ́ọ̀mù. Àwọn kan máa ń bu èèyàn lé e kí iṣẹ́ wọn lè jọ ńlá. Fọ́ọ̀mù á wá gbé wọn sí ìsọ̀rí àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi, wọ́n á ní kí wọ́n mú ìṣirò owó tí àkáǹtáǹtì fọwọ́ sí àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Èkejì, kí ẹ ya gíráàǹtì, owó tí a kì í dá padà, sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yáwó, nítorí orúkọ kan náà, "owó ìjọba", ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ wo ₦200 bílíọ̀nù tí ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2023. ₦50 bílíọ̀nù péré ni gíráàǹtì níbẹ̀: ₦50,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan oníṣòwò nano mílíọ̀nù 1, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. ₦150 bílíọ̀nù tó kù, ẹ̀yáwó ni. Ìdajì rẹ̀ wà fún àwọn òwò bíi tiyín, ẹnì kan lè yá tó ₦1 mílíọ̀nù. Ìdajì kejì wà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, ìyẹn lè tó ₦1 bílíọ̀nù. Èlé méjèèjì jẹ́ 9 nínú 100 lọ́dún, Bank of Industry ló sì bójú tó o. Ẹni tó bá gbọ́ "₦200 bílíọ̀nù" tó rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣì gbọ́.

Wọ́n tún ti pín àwọn tí ₦50,000 yẹn máa kàn kó tó kúrò nílé: 70 nínú 100 fún obìnrin àti ọ̀dọ́, 10 fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, 5 fún àwọn àgbà, 15 fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá ní ìpèníjà ara tó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan lórí fọ́ọ̀mù ti jáde kúrò nínú ìlà kúkúrú bọ́ sínú ìlà gígùn.

Ọmọ Báńkì

Kí gbogbo wa tó sọ̀rọ̀ ìwé òwò, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń da fọ́ọ̀mù nù jù lọ. Orúkọ ni. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, kì í ṣe èèyàn. Á gbé BVN sẹ́gbẹ̀ẹ́ NIN, bí wọn ò bá bá ara wọn mu, á tì í. Kò sí ẹni tó máa pè yín láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Lórí BVN: OLAJIDE BOLANLE RUKAYAT, 07/03/1978. Lórí NIN: ADIO BOLANLE R., 03/07/1978. Ẹnì kan náà ni. Orúkọ bàbá ló wà lórí ti àkọ́kọ́ nítorí pé kò tíì lọ́kọ nígbà tó ṣí àkáǹtì, orúkọ ọkọ ló wà lórí èkejì. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ọjọ́ 7 oṣù kẹta ni wọ́n bí i, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi oṣù síbi tó yẹ kó fi ọjọ́ sí. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni wọ́n.

Ẹ tẹ *565*0# láti rí BVN yín, kí ẹ tẹ *346# láti rí NIN, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn á fún yín ní nọ́ńbà nìkan o. Ẹ ní kí báńkì tẹ ojú ìwé BVN yín fún yín, kí ẹ sì mú sílíìpù NIN yín, kí ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ kà wọ́n lẹ́tà lẹ́tà. Báńkì ló ń tún BVN ṣe: wọ́n á béèrè ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra ilé ẹjọ́. NIMC ló ń tún NIN ṣe. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ni ẹ fẹ́ yí padà lórí NIN, wọ́n á ní kí ẹ mú ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka èèyàn, National Population Commission. Ìyẹn kì í tètè parí, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ yí nínú méjèèjì? Èyí tí kò bá CAC àti káàdì ìdìbò yín mu ni. Ẹ má yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó ba ohun tó dára jẹ́ mọ́ èyí tó bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: ìpele àkáǹtì. CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní, èyí tí a ń ṣí lórí fóònù láìmú ìwé púpọ̀ wá, òfin ò jẹ́ kí owó inú rẹ̀ kọjá ₦300,000. Ìpele kejì, ₦500,000. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ₦1 mílíọ̀nù tó sì fi irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, owó náà á lọ, á sì padà síbi tó ti wá. Ẹ mú ìwé iná tàbí ìwé ilé tó ní àdírẹ́sì lọ sí báńkì, kí wọ́n gbé e dé ìpele kẹta.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé mo ti yege fún "palliative grant" ₦500,000, kí n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, kí n san ₦3,500 fún "activation". Ṣé òótọ́ ni?

Akápò

Àbúrò, ẹ má tẹ ohunkóhun. Gbájúẹ̀ ni wọ́n. Ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kó tó fún yín ní gíráàǹtì. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n fi ń ra ọjà lórí ayélujára, kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sí yín. Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ fún yín lówó.

Ẹ tún máa wo ìdí àdírẹ́sì ojú ìwé náà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ti ìjọba máa ń parí sí .gov.ng. Bí gov.ng bá wà láàárín tí nǹkan mìíràn wá tẹ̀ lé e, bíi gov.ng-grant.com, ti ẹlòmíràn ni. Àwọn kan wà tí kì í ṣe .gov.ng tó sì jẹ́ ojúlówó: ti Bank of Industry, boi.ng ni. Nítorí náà ẹ má tẹ lìǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà.

Ọmọ Báńkì

Mo fẹ́ fi ọ̀ràn kan kún un tó dùn mí gidigidi, nítorí àwọn tí kò jalè kankan ló kó sí i. Ní 2020, nígbà Kòrónà, CBN gbé owó kan jáde gba ọ̀dọ̀ NIRSAL Microfinance Bank. Agbolé lè gbà tó ₦3 mílíọ̀nù, òwò lè gbà tó ₦25 mílíọ̀nù. Ẹ̀yáwó ni, èlé 5 nínú 100, tí yóò padà di 9. Ọ̀rọ̀ wá ń jà rànyìn láti ẹnu dé ẹnu pé owó ìrànwọ́ Kòrónà ni, wọn ò ní gbà á padà. Àwọn èèyàn fi san owó ilé, wọ́n fi ṣe ìsìnkú. Nígbà tí àsìkò ìdápadà tó, owó bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò nínú àkáǹtì wọn ní báńkì mìíràn tí wọn ò fi gba ẹ̀yáwó náà rárá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ìlànà kan wà tí CBN gbé kalẹ̀ ní 2020, Global Standing Instruction, GSI lórúkọ rẹ̀ ní kúkúrú. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà pé tí òun ò bá dá ẹ̀yáwó padà, kí báńkì fi BVN òun wá gbogbo àkáǹtì òun rí, kí wọ́n sì yọ owó wọn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí lórí rẹ̀, "repayment", "tenor", "moratorium", "interest", "guarantor", "GSI mandate", ẹ̀yáwó ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é lórí rédíò. Moratorium kì í ṣe ìdáríjì o, àkókò tí wọ́n fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà ni.

Ẹ̀yáwó kì í ṣe ohun burúkú. Èlé 9 nínú 100 kéré púpọ̀ sí tàwọn tó ń yá èèyàn lówó lórí fóònù. Ohun tó burú ni kéèyàn náwó ẹ̀yáwó bí ẹni náwó ẹ̀bùn. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ rántí pé èyí tí LSETF, àjọ owó ìrànwọ́ iṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ń fún wa náà, ẹ̀yáwó ni. Òfin 2016 ló dá a sílẹ̀, ó ní onídùúró, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà LASRRA, àjọ tó ń forúkọ olùgbé Èkó sílẹ̀, tó fi hàn pé Èkó lẹ ń gbé.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìyá Onígàrí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. ₦50,000 kò lè ra ẹ̀rọ. Ibi tí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ti ń jáde jù ni gíráàǹtì tí a jọ ń dá. Ìjọba àti àwọn tó ń bá a ṣe é á dá apá kan, ẹ̀yin á dá apá kejì. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára ibi tí VCDP, ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí IFAD (àjọ àgbáyé fún owó iṣẹ́ àgbẹ̀) àti ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, ti ṣiṣẹ́, ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì sì ni ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó, LIFE-ND, ètò IFAD mìíràn, ni tiyín, nítorí Oǹdó wà lára ìpínlẹ̀ Niger Delta.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ nípa irú owó yìí. Wọn kì í sábà ko owó lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin á kọ́kọ́ fi owó tiyín hàn ní báńkì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á san tiwọn fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ₦1 mílíọ̀nù, tí ìpín yín sì jẹ́ 40 nínú 100, ₦400,000 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú.

Èkejì, ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà ń bá ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìpínlẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó ní ìwé ẹ̀rí, tó ní àkáǹtì, tó ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìpàdé sí. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ lónìí nítorí fọ́ọ̀mù ọ̀la, ìwé ìpàdé ló máa tú u fó. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo ìgbà tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀. Wọ́n á wá wo ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ jókòó. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ àyágbé, ẹ ní kí onílẹ̀ kọ ìwé fún yín fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Tísà Ìmẹ̀kọ

Àwọn tó wà lókè ń pín in fún ara wọn ni. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń rí i. Kí ni ẹni tí kò mọ ẹnìkan fẹ́ ṣe?

Akápò

Ọ̀gá Tísà, ojúsàájú wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí orúkọ ti ń wọlé, ká lè mọ ibi tí a ó dúró sí. Púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí máa ń kó orúkọ jọ gba ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ ọjà àti ọ́fíìsì SMEDAN ní ìpínlẹ̀. Aránṣọ tí kò sí lórí ìwé ẹgbẹ́ aránṣọ, oníṣòwò tí ìyálọ́jà kò mọ̀, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù fún un. Ẹ san owó ẹgbẹ́ yín, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì òwò ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ òwò yín sílẹ̀.

SMEDAN ni àjọ tí òfin 2003 dá sílẹ̀ fún àwa oníṣẹ́ kéékèèké. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ wọn lórí ayélujára, nọ́ńbà tí wọ́n á fún yín á sì máa bá yín lọ láti fọ́ọ̀mù dé fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá gbé MSME Clinic wá sí ìpínlẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣàìlọ: CAC, NAFDAC, SON (àjọ tó ń wo ojúlówó ọjà), Bank of Industry àti SMEDAN á jókòó sábẹ́ òrùlé kan, ohun tí ì bá gbà yín ní ìrìn àjò mẹ́fà á parí lọ́jọ́ kan. Láti 2024 wọ́n tún ti ń fún àwọn tí ọjà wọn bá tayọ níbẹ̀ ní ₦150,000. Ọjà ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe ìwé nìkan. Kí ó wà nínú ọ̀rá tó ní orúkọ àti ìwọ̀n.

Nípa ti ìpínlẹ̀: NG-CARES, ètò ìrànwọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí Kòrónà. $750 mílíọ̀nù ni World Bank yà sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ná owó tirẹ̀, wọ́n á wá dá a padà fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ iṣẹ́ wò. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ fi máa ń ya fọ́tò yín, tí wọ́n ń gba nọ́ńbà yín, tí àwọn ẹlòmíràn tún ń padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí wọn ò bá bá yín níbi tí ẹ sọ, ìpínlẹ̀ ló pàdánù owó yẹn, wọn ò sì ní mú yín mọ́. Apá tó kan òwò nínú rẹ̀ ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ẹ̀yáwó tó ti gbà, lórí ìnáwó ojoojúmọ́ òwò, àti lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé bíi kọ̀ǹpútà.

Olùyẹ̀wò

Ẹ kú àpérò. Iṣẹ́ kíka ìwé ètò òwò ni iṣẹ́ mi, màá sì sọ ohun tó ń jẹ́ kí a gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn èèyàn ń kọ ìtàn ìṣẹ́ sórí ìwé ètò òwò. A mọ̀ pé owó ò sí, ìyẹn ló mú yín wá. Ohun tí à ń wá ni bóyá ẹ mọ iṣẹ́ yín dé orí ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká lo gàrí Màmá. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù 1 máa ń di gàrí kílò 200 sí 250, ìyẹn àpò oníkílò 50 mẹ́rin sí márùn-ún. Bí ìwé bá dé tó sọ pé tọ́ọ̀nù 1 á mú àpò mẹ́wàá jáde, a ò tún ka ojú ewé kejì mọ́, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò tíì yan gàrí rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù fún un ni kò yan gàrí rí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Tọ́ọ̀nù 2 lọ́sẹ̀, àpò 8 sí 10. Ọjọ́ 3 ló ń kan, lẹ́yìn náà ni a ó fún un, a ó kù ú, a ó yan án. Èèyàn 2 ń bó, 2 ń yan." Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi iye ọjà ọjọ́ yẹn sí i, kí ẹ sì sọ àpò mélòó tó san owó ẹ̀gẹ́, igi, dísù (epo ẹ́ńjìnnì) àti òṣìṣẹ́, kí ẹ tó sọ mélòó ni èrè. Ẹ fi àpò ka èrè. Iye owó ń yí padà lóṣooṣù, àpò kì í yí.

Ohun kejì ni àkọsílẹ̀ ìnáwó. "Ẹ̀rọ: ₦1,500,000" kò sọ nǹkan kan. Ẹ yà á sílẹ̀: ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ 1, èyí tí irin tí kì í dípẹtà wà níbi tí oúnjẹ ń gbà, ẹ́ńjìnnì oní-dísù 1, agbára ẹṣin 8, jáàkì 2 pẹ̀lú férémù ìfúngàrí, agbada ìyangàrí 2, ìgbéwá àti ìgbékalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀, kí ìwé iye ọjà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọjọ́ tí iye yẹn yóò wúlò dà. Ìwé iye ọjà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti di ìwé ìtàn báyìí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ gíráàǹtì ńlá kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí YouWiN, ìdíje ètò òwò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Nǹkan bí 24,000 èèyàn ló béèrè ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ 6,000 bí a ṣe ń kọ ètò òwò fún ọjọ́ 4, àwọn 1,200 ló gbà á, ẹnì kan lè gbà tó ₦10 mílíọ̀nù. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pín owó náà san, ẹni tí kò bá ṣe ohun tó sọ pé òun á fi ìpín kìíní ṣe kò rí ìkejì. Nígbà tí olùwádìí World Bank padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó gbowó ṣì wà lẹ́nu òwò, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ ju àwọn tí kò rí i gbà lọ. Owó yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ibi tí yóò gbé e gbà.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: bí ìpín kìíní bá wọlé tí ìkejì sì pẹ́ oṣù mẹ́rin, ṣé iṣẹ́ á lè lọ? Màmá, bí ẹ bá fi ìpín kìíní ra ẹ́ńjìnnì láìsí ẹ̀rọ ìlọ̀, irin lásán lẹ rà, yóò jókòó títí òjò á fi pa á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jáàkì, agbada àti ilẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì lẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ ó ṣì lè máa gbé ẹ̀gẹ́ lọ lọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹ sanwó fún un, kí ẹ wá fún un, kí ẹ yan án nílé. Iṣẹ́ á pọ̀ sí i láti oṣù kìíní, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ ó fi hàn wá nígbà tí a bá dé. Ẹ to ìnáwó yín bẹ́ẹ̀ láti orí ìwé.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó burú tí èèyàn bá fún ọmọ káfẹ̀ lówó kó bá a kọ fọ́ọ̀mù?

Olùyẹ̀wò

Kí ó bá yín tẹ̀ ẹ́, kò burú. Kí ó bá yín ronú ni kò dára. Ìwé 30 tí ọmọ káfẹ̀ kan kọ máa ń dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, aránṣọ àti adáhunṣe ní "ìran" (vision) kan náà. A máa ń gbé gbogbo wọn kúrò pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà lédè Yorùbá, bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, kí ó wá bá yín yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ sì jókòó tì í tó bá ń tẹ nọ́ńbà. Nọ́ńbà àkáǹtì tó ṣì ẹyọ kan ti tó.

Ọmọ Báńkì

Àti àkọsílẹ̀ báńkì, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n sábà máa ń béèrè ti oṣù mẹ́fà. Màmá, ẹ gbé ìwé CAC yín lọ sí báńkì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò, kí owó gàrí máa gba ibẹ̀ wọlé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn kan máa ń yá owó ńlá tì í síbẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó tẹ àkọsílẹ̀ jáde, lọ́jọ́ kejì ó ti jáde. Ojú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń kọ́kọ́ bọ́ sórí ìyẹn ni. ₦15,000, ₦22,000, ₦18,500 tó ń wọlé déédéé dára ju ₦2 mílíọ̀nù ọjọ́ kan lọ.

Bí owó bá wá jáde, ẹ má gbé e gba àkáǹtì mìíràn. Ibi tó bá wọlé sí ni kí ẹ ti san án fún ọlọ́jà, nípa fífi ránṣẹ́ láti báńkì, kì í ṣe owó ọwọ́. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ òwò yín, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Ìyá Onígàrí, Abẹ́òkúta

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Ọmọ mi bá mi wo orúkọ òwò náà lórí ojúlé CAC lórí ayélujára, "INACTIVE" ló kọ sí i. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé wọ́n ti pa á rẹ́ ni?

Akápò

Ẹ má fòyà, Màmá, wọn ò pa á rẹ́. Ìjábọ̀ ọdọọdún (annual returns) ni ẹ kò tíì ṣe. Lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti orúkọ òwò, ẹni tó ní orúkọ òwò gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá lọ́dọọdún, ọdún tó forúkọ sílẹ̀ gan-an nìkan ni kò sí lára rẹ̀. Ti 2019 kò kàn yín. Láti 2020 wá ni ẹ ó san, ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn ìdápẹ́. Bí ẹ bá ṣe tán, á di "ACTIVE". Ẹ tẹ ojú ìwé yẹn jáde lọ́jọ́ náà kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń fún èèyàn lówó máa ń lọ wo ojúlé yẹn fúnra wọn kí wọ́n tó ka ohun tí ẹ kọ.

Ìyá Onígàrí, Abẹ́òkúta

Ṣé ọmọ mi lè ṣe é lórí fóònù, àbí kí a wá lọ́yà?

Akápò

Ó lè ṣe é. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni ìmeèlì. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló bá yín forúkọ sílẹ̀ ní 2019, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmeèlì tirẹ̀ ló fi síbẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí CAC bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín yí i padà sí tiyín. Bí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ mú ìwé ẹ̀rí CAC, NIN àti fọ́tò lọ sí ọ́fíìsì CAC ní Abẹ́òkúta, kí ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ yí ìmeèlì àti nọ́ńbà fóònù padà. Ìmeèlì tí ọmọ yín bá ṣí fún yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sí, kí ó má wà lórí ọmọ nìkan.